Rewáyà Tí Kì Í Pa Ọkọ̀ Rẹ̀

Bí ọkọ̀ rẹ bá ti dàgbà, tó ti rìn títí òǹkà inú rẹ̀ fi dákẹ́ tí kò kà mọ́, tó wá di pé àárọ̀ tí o bá ń kánjú gan-an ló máa ń kọ̀ tí kò ní sítáàtì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n máa ní kí o lọ bá. Rewáyà ni, ìyẹn ẹni tó ń tún wáyà àti iná ọkọ̀ ṣe. Rewáyà náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí i. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Bí a bá wà lójú ara wa, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, "Bọ̀ọ̀dá mi" ni mo sì ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mo ń kọ yìí, "ó" ni màá máa lò fún un, nítorí inú ṣì ń bí mi. Bó bá rí i kà, kó fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Èèyàn gidi ni. Ká ní èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dùn mí tó báyìí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju páànù mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣe ìbòrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ. Epo ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ìdí ìkòkò. Àga bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan ni àwọn oníbàárà ń jókòó lé, agolo tó kún fún bóòtù àti nọ́ọ̀tì sì tò lọ rẹrẹ lórí pákó. Ohun tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ wáyà méjì, èyí tó fi ń dán iná wò. Wọ́n lè jí gbogbo sípánà rẹ̀ lọ, kò ní dùn ún tó bí wọ́n bá gbé gílóòbù yẹn.

Bí o bá gbé ọkọ̀ dé, kò ní jẹ́ kí o sọ ohun tó ń ṣe é. Á ní, "Mi ò bi yín pé kí ló bàjẹ́. Ẹ̀yin ò mọ ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí lọkọ̀ wí?" Oníbàárà á wá máa sín ọkọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo ti rí ọ̀gá ilé ìwé kan, tòun ti táì lọ́rùn, tó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ń ké "gùn-ùn, gùn-ùn, kọ́!" tí ẹ̀gbọ́n mi sì dijú, tó ń gbọ́ ọ, tó ní, "Ẹ tún un wí, sà." Bí ọkọ̀ ò bá wí nǹkan kan, á ní bátìrì ló kú, tàbí orí bátìrì ló dọ̀tí. Bó bá wí "kọ́" lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, iná ò dé ibi tó yẹ kó dé, tàbí kó jẹ́ pé sítátà, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ló gbó. Bó bá ń yí, tó ń yí, tí kò gbà, epo tàbí púlọ́ọ̀gì ni. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ má ra nǹkan kan títí a ó fi dán èyí tó wà níbẹ̀ wò. Orí bátìrì la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká tẹ̀ lé wáyà rẹ̀ títí dé ìdí. Ibẹ̀ ló rọrùn jù. Ẹ̀yin èèyàn ò kàn fẹ́ràn ohun tó bá rọrùn ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ gbogbo ayé. Àwọn àgbà sì ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹni kẹrin tó ni ọkọ̀ tirẹ̀ ló tà á fún un. Àwọ̀ búlúù ni nígbà kan. Oòrùn ti lá a títí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi di eérú, ilẹ̀kùn iwájú kan sì jẹ́ funfun nítorí ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá. Ọkọ̀ náà ò dá a lóró fún ọdún mẹ́ta. Ọdún kẹrin ni wàhálà dé. Láàárọ̀, bí ara rẹ̀ bá tutù, ìyí kan péré ló ń gbà kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti rìn tó gbóná, tí o bá lè pa á, ó parí. Wàá yí kọ́kọ́rọ́, á wí "kọ́", á dákẹ́. Ó dìgbà tí ara rẹ̀ bá tutù, bíi wákàtí kan àbọ̀, kó tó tún gbọ́rọ̀. Kì í sì í ṣe irú ọkọ̀ tí èèyàn ń tì kó fi gbà, nítorí jíà rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń yí ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dijú, ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Sítátà ni. Ooru ló ń pa á. Ó máa gbà mí ní odindi ọjọ́ méjì lábẹ́ ọkọ̀." Kò mú gílóòbù rẹ̀ jáde. Kò wo orí bátìrì. Etí rẹ̀ ti sọ fún un, ó sì gba etí rẹ̀ gbọ́. Níbo ló ti fẹ́ rí odindi ọjọ́ méjì nígbà tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà tò dé etí títì? Ló bá ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi, ìyá wa, ń gbé. Aránṣọ ni wọ́n. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi, èmi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni Màámi fi tọ́ wa. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bá kọṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló máa tú u palẹ̀ sórí ẹní, tí yóò tún un tò padà, tí nǹkan kan ò ní ṣẹ́kù sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Kò tíì mọ orí wáyà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ tí Màámi ti ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wá gba aṣọ pé, "Rewáyà mi ló máa tún ọkọ̀ yín ṣe." Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní ọkọ̀ nígbà náà.

Ilé mi wà ní òpópónà tóóró kan tí ọkọ̀ méjì ò lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Alágbàfọ̀ ni mí. Iyàrá iwájú ni mo ti ń lọ aṣọ. Iyàrá Màámi ló tẹ̀ lé e, fèrèsé wọn kọjú sí títì gbọnrangandan, irin mẹ́rin sì wà lójú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá. Á wọlé, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màámi, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè méjì. Bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Mo máa ń jowú wọn, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí àìsàn ọkọ̀ náà ò tíì ju oṣù kan lọ, ó ti jókòó tì wọ́n bí ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ onítáńkì omi dé lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, tó ń fun fèrè. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́. Ó tún un yí. Kọ́. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ọkọ̀ mẹ́rin ti tò sẹ́yìn. Awakọ̀ onítáńkì bọ́ sílẹ̀, ó wò ó tìtì, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo tún ọkọ̀ mi ṣe lóṣù tó kọjá?" Ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyà ńlá bá sì gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni: obìnrin kan yọrí láti òkè ilé tó kọjú sí wa, ó pariwo pé, "Rewáyà, ẹ lọ pe rewáyà wá o!" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin mẹ́wàá ló ti ọkọ̀ náà dé oríta. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú rẹ̀, ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, ó sì rí mi. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di irin fèrèsé mú, wọ́n ń wí pé, "Ẹ má fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín," ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ wọn láàárín ariwo yẹn?

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ò pa ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́.

Á dé lọ́jọ́ Àìkú, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, á wá dúró síta lójú fèrèsé. Á ti ọwọ́ bọ àárín irin, Màámi á di ìka rẹ̀ mú. Ojú kan á wà lára Màámi, ojú kejì á wà lára ọkọ̀, kí ẹnì kan má baà wọ inú rẹ̀ kó wà á lọ, tàbí kí ọkọ̀ mìíràn má baà dé lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́fà, ó tán. Èéfín á máa wọlé wá bá wa; àìmọye ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà ni mo tún fọ̀ nítorí èéfín ọkọ̀ yẹn, mo sì máa ń pariwo lé e lórí láti inú ilé. Á ní, "Màámi, mo máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá di Àìkú tó ń bọ̀, mo máa wọlé, a máa jókòó." Màámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Máa lọ, Rewáyà mi. Ọkọ̀ rẹ ń ké bí ọmọ tébi ń pa." Bó bá ti lọ tán, wọ́n á gbé ọwọ́ wọn sí imú, nítorí òórùn epo ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tiwọn lára.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá báyẹn. Mo kà á.

Ojú Màámi ló kọ́kọ́ lọ. Òkùnkùn ń rọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ojú wọn títí ohun tó kù tí wọ́n ń rí kò fi ju ihò abẹ́rẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé dé. Wọ́n á bi mí bóyá bàbá wa ti jẹun. Wọ́n á na ọwọ́ sí ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn máa ń wà ní ogún ọdún sẹ́yìn, bí wọn ò bá bá a níbẹ̀, wọ́n á ní mo ti gbé e pamọ́. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò, àìsàn yìí kì í padà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń jókòó ti ìyá, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, tó ń fọwọ́ kàn wọ́n, òun ni wọ́n máa mọ̀ pẹ́ jù. Bí ẹnì kan bá wà tó fẹ́ kí wọ́n ṣì mọ òun, kó wá jókòó nísinsin yìí. Tó bá fi di oṣù díẹ̀ sí i, ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n á ṣì mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá a lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó nu ún títí. Ó ní, "Mo máa tú sítátà yẹn lọ́sẹ̀ yìí."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi sítátà sílẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì wá."

"Kí n wọ bọ́ọ̀sì? Kí àwọn oníbàárà bá mi ní ibùdókọ̀? Wọ́n á ní rewáyà ò rí tara ẹ̀ ṣe."

"Ẹ gbé ọkọ̀ sí oríta nígbà náà, kó kú síbẹ̀. Ẹ jókòó ti Màámi títí á fi tutù."

"Ṣé oríta tí wọ́n tì mí dé lọ́jọ́ yẹn?" Ó gbójú sókè wò mí. "Ìwọ náà kúkú rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi nítorí òótọ́ ni. Èmi tó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, ìbínú ni mo fi bo ojú tó ń tì mí. Mo ní, "Ìyá yín ń lọ, ẹ̀yin ń ṣọ́ ọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo bá tèmi lọ. Ká ní mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn, bóyá ì bá gbé ọkọ̀ sí oríta. Bóyá kò ní gbé e síbẹ̀ náà. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Kò dẹ́kun àtimáa wá lọ́jọ́ Àìkú, lójú fèrèsé náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, bí ẹni tó ń hanrun tí ikọ́ ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ojú fèrèsé, Màámi á ti gbé orí sókè. Wọ́n á ní, "Rewáyà mi dé." Nígbà tó yá, gbólóhùn yẹn ni kì í tàsé lẹ́nu wọn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ṣàṣìṣe ni.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ọkọ̀ ìyá náà dàgbà ju tirẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n sín in jẹ. Ìyá náà ní, "Láàárọ̀, kò sí wàhálà kankan. Àfi bó bá gbóná. Kọ́! Ó parí. Àfi kí n máa wò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi ní àìsàn ọkọ̀ òun gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníbàárà ni, nítorí náà ó ṣe é bó ṣe ń ṣe ti oníbàárà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Orí bátìrì mọ́. Ó tẹ̀ lé wáyà. Wáyà dúdú kan wà tó nípọn bí àtàǹpàkò, òun ló so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí iná lè rí ọ̀nà padà. Ó mú wáyà mìíràn, ó fi so orí bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ìyá yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dáhùn lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú bó ṣe gbóná tó. Nígbà tó tú wáyà dúdú náà, ìdí rẹ̀ lábẹ́ àwo bátìrì ti di àwọ̀ ewé, ó ń rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Bí ibẹ̀ bá tutù, iná ń rí ọ̀nà fún ara rẹ̀ kọjá. Bó bá gbóná, kò rí.

Ọkọ̀ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á ti òde dé ni, ó ṣì gbóná. Ó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kọ́. Ó fi wáyà tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ so ó, ó tún un yí. Ọkọ̀ náà dáhùn. Ó pa á, ó sítáàtì rẹ̀, ó pa á, ó sítáàtì rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe sítátà. Ó gé wáyà tuntun, ó fi bóòtù kan ṣoṣo dì í, kò gbà á ju àkókò tí màá fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ, ó ti ṣe é tán. Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sunkún. Agbẹ̀bí náà rò pé nítorí ọkọ̀ tòun ni. Wọ́n fọwọ́ bà á léjìká, wọ́n ní, "Gbé ẹkún rẹ mì, ọmọ mi. Mo ti rí èyí tó le ju báyìí lọ."

Kò lè dúró de ọjọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn kan náà, mo ń lọ aṣọ nígbà tí mo gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó pa á. Ó ń lọ sí ọdún méjì tí ọkọ̀ yẹn ti dákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa kẹ́yìn. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé nínú aṣọ mímọ́. Ó ti fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Kò sí òórùn epo kankan lára rẹ̀.

Ó ní, "Wáyà kan ni. Wáyà kan àti bóòtù kan." Kò dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ wí. Ó wọ iyàrá Màámi, mo tẹ̀ lé e.

Màámi jókòó sórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó gba ọwọ́ wọn méjèèjì mú. "Màámi, èmi ni. Mo ti pa ọkọ̀. Mo wá jókòó."

Màámi rọra fa ọwọ́ wọn kúrò, bí obìnrin ọmọlúàbí ti máa ń ṣe bí ọkùnrin àjèjì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́ jù. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá. Ta lẹ̀ ń wá?"

Ìyá tó bí i. Bí ìyá tó bí ni bá ti ń fi "ẹ" kí ni bí àlejò, kí ló tún kù téèyàn fẹ́ gbọ́?

"Màámi, Rewáyà yín ni."

"Háà, rárá o." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Rewáyà mi kì í wọlé. Ìta ló máa ń dúró sí. Ẹ ò bá ti gbọ́ ọkọ̀ ẹ̀. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan ni, kò wọlé mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú.

Kò juwọ́ sílẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n fún odindi wákàtí kan. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sọ ti bàbá wa, ó sọ ti àwọn aṣọ ilé ìwé tí bọ́tìnnì wọn máa ń fọ́n ká sórí ẹní. Màámi ń gbọ́ ọ, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣe "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n" bí ẹni tí ń gbọ́ ìtàn ará ibòmíràn. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ní, "Ọmọ gidi lẹ jẹ́, ọ̀gá. Inú ìyá yín á máa dùn sí yín." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sí ògiri.

Èmi ni mo sọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn náà, títí dòní mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ lọ sítáàtì ọkọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó dìde, ó jáde. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ dáhùn ní ìyí kan. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, orí Màámi gbé sókè, ojú wọn tàn, wọ́n yí àga sí fèrèsé, wọ́n ti ọwọ́ bọ àárín irin, wọ́n ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́. "Rewáyà mi dé!" Ẹ̀gbọ́n mi sáré wá sójú fèrèsé. Wọ́n di ìka rẹ̀ mú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n fajú ro díẹ̀, ó jọ pé nǹkan kan ò dá wọn lójú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbà.

Wọ́n ní, "Àlejò kan wà nínú ilé níbí. Ọkùnrin kan báyìí, ọmọlúàbí ni. Ó jókòó tì mí pẹ́." Wọ́n fún ìka rẹ̀ pọ̀. "Ó dáa, máa lọ. Má jẹ́ kí epo rẹ tán."

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ló ń wá. Ọkọ̀ tó lè pa nígbàkígbà tó bá wù ú, ó ń fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kó lè dúró níta kí ìyá rẹ̀ di ìka rẹ̀ mú. Kò tún fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó wá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á pa ọkọ̀, á wọlé, bóyá wọ́n á mọ̀ ọ́n. Màámi á ní, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá." Á jáde padà lọ sítáàtì rẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá dé lẹ́yìn, èmi ni mo ń jáde lọ bẹ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀. Awakọ̀ onítáńkì á pa tirẹ̀, á gbé orí lé ìdarí, á dúró dè wá. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ kìíní. Ó ní òun ti gbàgbé. Irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi wá báyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ń lọ aṣọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta. "Màámi. Màámi." Kò pariwo, ṣùgbọ́n mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Nígbà tí mo wọlé, Màámi ti fi orí ti férémù fèrèsé, ojú wọn padé, wọn ò mí mọ́. Ọwọ́ wọn ṣì di ìka ẹ̀gbọ́n mi mú láàárín irin. Ó ń wò mí láti òdìkejì, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Mo tú ìka Màámi kúrò lára tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ lọ pa ọkọ̀, kí ẹ máa wọlé bọ̀."